Ṣé kí n yọ ẹ̀rọ atọ́nà tó bá ọkọ̀ wá, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ará Òkè-Fìà: Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra Lexus RX 330 ti ọdún 2005 kan, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, tí ẹ̀rọ atọ́nà ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnì máàpù, kò sí Òṣogbo, kò sí Nàìjíríà; ọfà kékeré kan ṣoṣo ló ń rìn lórí sikirínì tí kò ní ọ̀nà kankan, bí ẹni tó sọnù sínú pápá. Ríwáyà kan ní Ayétòrò ní kí n jẹ́ kí òun tú u, kí òun fi sikirínì Android ńlá síbẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Awakọ̀ Gbọ̀ngán: Ẹ tú u, ọ̀gá mi. Máàpù ọkọ̀ yẹn wà nínú díìsì DVD tí wọ́n ṣe fún apá Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Bí ẹ tilẹ̀ rí díìsì tuntun rà, ìlú àwọn ẹlòmíràn náà ni yóò tún máa fi hàn yín. Sikirínì Android tí mo fi sínú Camry mi ń lo Google Maps tààrà, ó mọ bíríìjì Ọlàìyá tí wọ́n ṣí ní 2022, ó sì ń fi ẹ̀yìn hàn mí bí mo bá ń fi rìfáàsì.

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nà: Ẹ má kánjú, bọ̀dá. RX 330 kì í ṣe Camry. Nínú èyí tó ní ẹ̀rọ atọ́nà láti ilé iṣẹ́, ojú sikirínì yẹn náà ni ètò ẹ̀rọ amúlétutù ti ń hàn, nítorí náà bí ẹ bá tú u láìní èyí tó lè bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀, inú ooru lẹ óò wà tí ẹ óò máa wo máàpù. Wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àbúrò mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bátìrì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní gbogbo òru. A ra bátìrì tuntun, òun náà kú. Ìgbà tí ẹlòmíràn ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù la tó rí i pé wọ́n ti so wáyà pupa àti wáyà yẹ́lò rédíò náà pọ̀, tí wọ́n sì fi téépù dúdú wé e. Yẹ́lò ló máa ń gba iná láti bátìrì nígbà gbogbo. Pupa ni kọ́kọ́rọ́ ń tan tó sì ń pa. Bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀ yẹn, sikirínì náà kò sùn rí.

Ríwáyà Kẹ́lẹ́bẹ: Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ohun tí màmá sọ kì í ṣe ẹ̀bi sikirínì, ẹ̀bi ọwọ́ ni. Ohun dúdú onígun mẹ́rin kan tún wà tó máa ń bá sikirínì wá, tí wáyà gígùn wà nídìí rẹ̀. Òun ló ń gbọ́ sátẹ́láìtì tí máàpù fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyẹn wà ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 lókè, ohùn wọn ti rẹlẹ̀ gan-an kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, irin kì í sì í jẹ́ kó kọjá. Àwọn kan nínú wa máa ń tì í sẹ́yìn rédíò, láàrin irin, kí ojú má bàa rí i, oníbàárà á wá máa ké pé òun wà ní Testing Ground, máàpù ní inú odò Ọ̀ṣun lòun wà. Orí dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́bàá gíláàsì iwájú, ni kó wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ríwáyà yín fi pọ́lọ́ọ̀gì tó bá ọkọ̀ yín mu hàn yín, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń so wáyà sikirínì mọ́ ti ọkọ̀ láìgé wáyà kankan. Bí ó bá mú bíléèdì jáde dípò rẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nà: Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ tún bá wa sọ ti àwọn rédíò àlòkù ti Japan.

Ríwáyà Kẹ́lẹ́bẹ: Ẹ má dán an wò, màmá. Yàtọ̀ sí pé èdè wọn ló kún ojú rẹ̀, orí 90 ni FM àwọn tó ti pẹ́ nínú wọn dúró sí. Rave FM tiwa níbí, 91.7 ló wà.

Ọmọ Ọjà Ọba: Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ta ní sọ pé dandan ni kí máàpù wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù? Láti 2014 ni Apple ti gbé CarPlay jáde tí Google sì kéde Android Auto, tó fi jẹ́ pé máàpù inú fóònù ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ń gbé sójú sikirínì tiwọn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ní irú ìyẹn, kí ló fẹ́ tú? Ẹni tí kò ní, kó ra ohun ìgbé-fóònù-dúró, kó sì gba máàpù sílẹ̀ sórí fóònù kó tó jáde, torí pé gbígbọ́ sátẹ́láìtì kò gba dátà rárá. Fóònù ni kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ o, Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kò fẹ́ ẹ.

Awakọ̀ Gbọ̀ngán: Fóònù tí oòrùn ọ̀sán bá pa lórí dáṣíbọ́ọ̀dù á gbóná, á sì pa ara rẹ̀ ní oríta tí ẹ ti fẹ́ yà gan-an. Ó ti ṣe mí rí lọ́nà Ìwó.

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nà: Ṣùgbọ́n bọ̀dá, níbo ni Android tiyín ti ń rí dátà?

Awakọ̀ Gbọ̀ngán: Lára fóònù mi ni.

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nà: Ẹ ò rí nǹkan!

Awakọ̀ Gbọ̀ngán: Ẹ máa rẹ́rìn-ín, màmá. Sikirínì mi tóbi, mi ò sì ní láti tẹ ojú wò ó.

Ọmọ Ọjà Ọba: Ẹ má kóyán ti ilé iṣẹ́ kéré ṣá. Ó ń ka yíyí táyà mọ́ ohun tó ń gbọ́ láti òkè, kì í sọnù bí ọkọ̀ bá wọ abẹ́ ilẹ̀.

Awakọ̀ Gbọ̀ngán: Abẹ́ ilẹ̀ wo ló wà ní Òṣogbo?

Ará Òkè-Fìà: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo padà sọ́dọ̀ ríwáyà Ayétòrò lónìí, mo ní kó fi pọ́lọ́ọ̀gì hàn mí, ó ní àwọn kì í lò ó, pé wáyà náà ni wáyà. Mo ti ra ohun ìgbé-fóònù-dúró, mo fi kọ́ ẹnu ihò amúlétutù kí atẹ́gùn tútù lè máa fẹ́ sí i. Ìlá ni mò ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Ríwáyà Kẹ́lẹ́bẹ, bí mo bá dé, mo fẹ́ kí ẹ wò ó fún mi bóyá pọ́lọ́ọ̀gì RX 330 tó ní amúlétutù lójú sikirínì wà lọ́jà.