Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó síwájú

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, àgbà á bá ọmọ gbé tòkè, ọmọ á bá àgbà mú tinú, kálukú á rí tiẹ̀ jẹ. Ohun tó gbé e sí mi lẹ́nu láàárọ̀ yìí ni tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé ni, mi ò tíì bọ́ bàtà, ni ọmọ mi ọkùnrin pè láti yunifásítì. "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi 180 dọ́là ránṣẹ́." Mo ní ṣé ìwé ni àbí oúnjẹ. Ó ní rárá, ìjókòó ni. Pé sukúù ti pín ibi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jókòó sí ní sitédíọ̀mù sí méjì, ẹni tó bá fowó kún un á wà nísàlẹ̀ létí pápá, ẹni tí ò bá fi kún un á gòkè lọ sí kọ̀rọ̀, níbi tí àwọn tó ń ṣeré á ti máa dà bí èèrà lójú ẹ̀. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni o, èyí tí wọ́n ń há sábíyá sáré. Mo wá gbé bíìlì sukúù rẹ̀ síwájú, mo ń fi ìka tọ̀ ọ́ bọ̀ láti òkè, owó kíláàsì, owó ilé, owó oúnjẹ, àfi bí mo ṣe kan owó eré ìdárayá níbẹ̀, gbogbo sẹ̀mẹ́sítà ni, ọmọ ì báà lọ wo bọ́ọ̀lù kó má lọ. A ti san án! Iná tí wọ́n tàn sí pápá yẹn, owó wa wà níbẹ̀, wọ́n tún wá ní kí ọmọ sanwó kó tó lè rí ohun tí iná ń tàn sí.

Ẹ gbọ́ o, mi ò bá àwọn olówó tó ń dáwó fún sukúù jà. Ọwọ́ tiwọn tó pẹpẹ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ọrẹ gba ìjókòó tó dáa, kódà títí di ìparí 2017 ìjọba Amẹ́ríkà ń fún wọn ní ẹ̀dínwó owó orí lé e lórí kí òfin tuntun tó fagi lé e. Kí wọ́n máa jókòó wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò wọ kèrègbè. Lọ́dún tó kọjá mo lọ wo ọmọ yìí, ó mú mi lọ sí sitédíọ̀mù, oòrùn mú bí ẹni pé kì í ṣe October. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, gbogbo ìjókòó onítìmùtìmù tó wà láàárín ṣófo, àwọn tó ni ín ti wọ inú gíláàsì lọ jẹun, nígbà tí eré tún bẹ̀rẹ̀ ìdajì wọn ò tíì jáde. Àwọn ọmọ kékeré yìí wà ní ìdúró. Ọmọ kan kun lẹ́tà sáyà, òógùn ti fọ lẹ́tà náà wálẹ̀ sára ṣòkòtò ẹ̀, ọ̀kan tó wà níwájú mi, obìnrin, ohùn ẹ̀ ti há pátápátá, ó ń fi yìnyín inú kọ́ọ̀bù ra ọ̀nà ọ̀fun, ó tún ń ṣí ẹnu. Àwọn yẹn ni tẹlifíṣọ̀n ń gbé kámẹ́rà sí o, kò sẹ́ni tó gbé kámẹ́rà sí ìjókòó òfìfo.

Àwọn ibòmíì ṣáà mọ èyí. Ẹ wo yunifásítì Duke ní ìpínlẹ̀ North Carolina, gbọ̀ngàn básíkẹ́ẹ̀tì wọn, Cameron, èèyàn 9,314 péré ló ń gbà, wọ́n lè ta ìsàlẹ̀ yẹn ní iye tó bá wù wọ́n, síbẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n fi sétí pápá, àwọn olówó wà lókè. Ọmọ tó bá fẹ́ wo ìdíje wọn pẹ̀lú yunifásítì North Carolina kì í sanwó ìjókòó, tẹ́ǹtì ló máa pa síta, á sùn síbẹ̀ nínú òtútù, láti 1986 ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n fi orúkọ kóòṣì wọn ìgbà náà, Krzyzewski, pe ibẹ̀ ní Krzyzewskiville. Ọmọ olówó, ọmọ tálákà, òtútù kan náà ló ń mú wọn. Ìyẹn dáa.

Yunifásítì Michigan ní tiẹ̀, sitédíọ̀mù tó ń gba èèyàn 107,601, wọ́n fa owó tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé-ìwé sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 dọ́là, àwọn ọmọ yarí, ọ̀pọ̀ ò rà á mọ́, ọ̀gá eré ìdárayá ibẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 2014, nígbà tó di 2015 wọ́n já a wá sí 175. Ìjókòó tó ṣófo ló sọ̀rọ̀ fún wọn.

Wọ́n á ní owó ni ò sí. Wọ́n á ní láti June 2025 tí adájọ́ ti fọwọ́ sí i pé sukúù lè máa sanwó fún àwọn tó ń ṣeré fúnra wọn, tó lè tó 20.5 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ wá a níbìkan. Inú mi dùn pé wọ́n ń sanwó fún wọn, ó yẹ kó ti pẹ́. Hakeem Olajuwon tiwa, agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì, tó ti Èkó lọ sí yunifásítì Houston ní 1980, sukúù ò lè san irú owó yẹn fún un nígbà náà, gbogbo bó ṣe gbé orúkọ wọn ga tó. Àmọ́ adájọ́ ò ní kí wọ́n gbà á lápò ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń yáwó kàwé. Owó tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Owó oṣù àwọn kóòṣì tó jẹ́ mílíọ̀nù mílíọ̀nù ńkọ́? Wọn ò tíì bu nǹkan kan kúrò níbẹ̀, apá ibi tó rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gé.

Ohun tó tiẹ̀ dùn mí jù nìyí. Ọmọ tí òun àti ọmọ mi jọ ń gbé yàrá kan, ìyá ẹ̀ nìkan ló ń tọ́ ọ, ó ń fọ àwo ní ilé oúnjẹ sukúù lálẹ́. Lọ́dún tó kọjá àwọn méjèèjì jọ ń lọ ni, wọ́n jọ ń pín agboòrùn kan bí òjò bá dé. Mo bi ọmọ mi pé tí mo bá fowó yìí ránṣẹ́, ọ̀rẹ́ ẹ ńkọ́? Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Mọ́mì, ó máa wà lókè." Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Nígbà tí èmi wà ní yunifásítì nílé, tí họ́ọ̀lù bá ń bá họ́ọ̀lù gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ kọmíṣọ́nnà àti ọmọ alákàrà jọ ń dúró létí pápá ni, eruku kan náà ni wọ́n ń fà símú, ẹni tó bá tètè dé ló wà níwájú. Kí ló burú nínú ẹni tó bá tètè dé?

Ẹ̀yin ọ̀gá yunifásítì, ẹ ò ṣe dáadáa. Àwọn ọmọ tí ẹ ní ẹ ń kọ́ ní ìwà ni ẹ ń tò ní ìtò olówó síwájú tálákà sí kọ̀rọ̀, nínú ilé tí wọ́n jọ ń san owó ẹ̀, lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń wọ aṣọ kan náà. Ẹ má sọ fún mi pé kò pọn dandan, ẹ ò lè gba èyí tó pọn dandan tán kí ẹ tún wá ta èyí tó kù.

Ẹ̀yin òbí náà, àwa Yorùbá tá a wà níbí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Níbi ìnáwó Sátidé tó kọjá, ìyá kan ń gbé fóònù kiri láti tábìlì dé tábìlì, "ọmọ mi rèé o, ìlà kejì ló jókòó," bí ẹni pé ọmọ gba digírì. Ẹ ti sọ sitédíọ̀mù di háì tébù. Ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ kí wọ́n rí i tà! Ṣé ọmọ ẹnìkejì ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìlà kejì ni?

Mi ò fi 180 yẹn ránṣẹ́. Mo ní kó bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ gòkè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì ti san tiyín, Mọ́ńdè ọ̀la ẹ gbé bíìlì yẹn dání, ẹ pe ọ́fíìsì eré ìdárayá wọn, ẹ ka ìlà tí owó eré wà fún wọn, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi èyí ṣe.