A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀rín ni òwe yìí máa ń pa mí. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fá orí tí ẹni tó ni ín ò sí níjokòó? Ṣé onígbàjámọ̀ á gbé orí náà lọ sílé ni? Ìgbà tí mo dàgbà, tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, ni mo tó fojú ara mi rí i pé ó ṣeé ṣe dáadáa.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Peckham. Obìnrin òyìnbó kan wọlé, ó fa ọmọ dúdú kan lọ́wọ́, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá. Irun ọmọ náà ti kún, ó ti lọ́ mọ́ra bí òwú tí wọn ò gbọ̀n. Onígbàjámọ̀, ọmọ Ìbàdàn, ta aṣọ sí ọmọ lọ́rùn, ó wá bi obìnrin náà bó ṣe fẹ́ kóun gé e. Obìnrin náà ní kó jọ̀ọ́, kó fún òun ní ìṣẹ́jú kan, òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe social worker, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ó tẹ fóònù, wọn ò gbé e. Ó tún un tẹ̀. Gbogbo àwa tá a ń dúró de àga bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù. Ọmọ náà ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Orí wà níbẹ̀, olórí wà níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ fá a.

Kì í ṣe obìnrin yẹn ni mo ń bá wí. Alágbàtọ́ ni, kì í ṣe ìyá ọmọ. Káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ló kó ọmọ sí i lọ́wọ́. Àṣẹ lórí ọmọ bẹ́ẹ̀ lè wà lọ́wọ́ káńsù, ó sì lè wà lọ́wọ́ ìyá tó bí i pẹ̀lú, nítorí náà ọ̀pọ̀ alágbàtọ́ kì í fẹ́ dá ohunkóhun ṣe: irun gígẹ̀, sísun ilé ọ̀rẹ́ mọ́jú, bíbá àwọn ẹlẹgbẹ́ rìnrìn àjò láti iléèwé. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń sọ fún àwọn káńsù pé kí wọ́n kọ irú àṣẹ kéékèèké bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ètò ọmọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí alágbàtọ́ má baà máa wá ọ́fíìsì kiri nítorí irun. Àmọ́ ẹ wò ó: bí wọ́n bá tiẹ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ káńsù, tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ìyá, tí wọ́n gbé e fún alágbàtọ́, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni irun.

Ní England nìkan, ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú káńsù lé ní 83,000. Lójú ìjọba, káńsù ni òbí wọn. Gbogbo káńsù pátá ni mo wí, láti orí àwọn káńsílọ̀ tí aráàlú dìbò yàn dórí ẹni tó ń pín ilé gbígbé. Ní 1998, Frank Dobson tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà kọ lẹ́tà sí àwọn káńsílọ̀ láti rán wọn létí pé òbí ni wọ́n. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ìbéèrè kan dán ara wọn wò: bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, ṣé èyí á tẹ́ mi lọ́rùn? Àwa tá a gbọ́ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe le tó. Ohun tí òwe wí pé èèyàn kì í ṣe ni wọ́n ní kí káńsílọ̀ máa ṣe.

Àwọn àgbà tún ní, ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Egbò ojúgun, ọmọ á rí i, á fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ti ẹ̀yìn, àfi kí ẹnìkan bá a wò ó. Káńsù tó ní òun ni ìyá ti gbà pé òun ni yóò máa wo ẹ̀yìn ọmọ. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ń ro ọmọ lẹ́yìn bí kò ṣe ọmọ fúnra rẹ̀? Bí ìyá kò bá bi í, ọwọ́ tó fẹ́ fi kín in lẹ́yìn á kàn máa họ ojú egbò ni. Wọ́n ṣáà ní ẹni a ní kó kíni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Òfin ò gbàgbé èyí. Apá 22 nínú Òfin Àwọn Ọmọdé ti ọdún 1989, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1991, sọ pé kí káńsù tó ṣe ìpinnu kankan lórí ọmọ tó ń tọ́jú, níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe, ó gbọ́dọ̀ wádìí ohun tí ọmọ náà fẹ́ àti bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lára rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti òye ọmọ náà bá ṣe tó, kó má sì fojú fo ẹ̀sìn rẹ̀, ìran rẹ̀, àṣà àti èdè rẹ̀. "Kí káńsù tó" ni òfin wí. Ìyẹn ni gbogbo ìtumọ̀ òwe wa. Èèyàn lè bi ọmọ lẹ́yìn tí abẹ ti kọjá, àmọ́ kí ni ọmọ fẹ́ sọ nígbà náà ju pé ó tutù lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ. Láti nǹkan bí ọdún 1950 sókè, ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa tó wá kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ọmọ wọn fún òyìnbó tọ́. Wọ́n á fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n á gbé ọmọ lọ sí Kent, sí Essex, sí Sussex, wọ́n á máa san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè ráyè kàwé lóru, kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Mi ò ní bú wọn. Yàrá kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé, onílé míì ò sì ní gba ọmọ láyè. Ọmọ gbígbà tọ́ kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Ìdajì wa ló dàgbà lọ́dọ̀ ìyá ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Òṣogbo ń gbọ́ èdè ìyá àgbà, ó sì mọ ọ̀nà ilé. Àwọn ti Kent, ọ̀pọ̀ ni ìyá wọn wá mú lẹ́yìn ọdún méje, tí wọn ò mọ ìyá, tí wọn ò gbọ́ Yorùbá, tí wọ́n ń ké pe obìnrin òyìnbó tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò bi wọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ, wọn ò bi wọ́n nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á mọ ẹ̀gbọ́n kan tàbí àǹtí kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, tí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ká lára.

Lónìí, lábẹ́ òfin, ìpàdé wà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan: àkọ́kọ́ láàárín 20 ọjọ́ iṣẹ́, èkejì láàárín oṣù mẹ́ta sí i, lẹ́yìn náà, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Alága ìpàdé náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní òun nìkan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ míì wà tó ju ti ọmọ kan lọ: owó tí wọ́n máa ná, ilé tí wọ́n máa tì, irú yàrá tí wọ́n máa fún ọmọ ọdún méjìdínlógún tó fẹ́ dá dúró. Nítorí ìyẹn ni ìjọba fi sọ ní 2007 pé kí káńsù kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú, tí yóò máa bá àwọn ọ̀gá káńsù sọ̀rọ̀ lójúkojú. Òfin 2017 wá gbé ìlànà méje kalẹ̀ fún káńsù tó jẹ́ òbí. Méjì nínú wọn dá lórí kí ọmọ lè sọ èrò rẹ̀ àti kí wọ́n gbé èrò náà yẹ̀ wò.

Kí ni àwọn ọmọ wá sọ? Ohun tí àgbà kankan ò rò ni wọ́n mẹ́nu bà. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ò dára. Lẹ́tà mẹ́ta ni òṣìṣẹ́ fi ń kọ wọ́n sínú ìwé: LAC, ìkékúrú "looked after child", ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú. Ẹ pè é síta kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún létí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì: "lack", Àìní. Ẹ fojú inú wo ọmọ tí wọ́n ń pè ní Àìní ní gbogbo ìpàdé, àwa tá a mọ̀ pé orúkọ ń ro ọmọ, tá a máa ń wo ilé ká tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n ní kí ló dé tí ìgbà tí àwọn bá lọ rí ìyá àwọn fi ń jẹ́ "contact", bí ẹni ń sọ̀rọ̀ wáyà iná? Ní 2019, àjọ alágbàtọ́ kan tó ń jẹ́ TACT kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ láti ẹnu àwọn ọmọ náà, ọ̀pọ̀ káńsù sì ti yí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn padà.

Wọ́n tún sọ ti àpò ìdọ̀tí. Bí wọ́n bá fẹ́ kó ọmọ láti ilé kan sí òmíràn, àpò dúdú tí wọ́n ń da pàǹtí sí ni wọ́n ń di aṣọ rẹ̀ sí. Kò sí ẹni burúkú níbẹ̀; àpò náà ló wà nítòsí. Àwa náà mọ ohun tí Ghana-must-go ń sọ nípa ẹni tó gbé e lórí. Ọmọ tó gbé ẹrù rẹ̀ sínú àpò ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀mẹrin kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Níbi tí mo ti ń bínú rèé. Ìgbìmọ̀ wà, fọ́tò wà, píìsà wà. Wọ́n á mú ọmọ méjì wọ gbọ̀ngàn káńsù, àwọn méjì kan náà tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìwé ìpàdé á nípọn bíi Bíbélì. Ọmọ á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á pàtẹ́wọ́, alága á ní ọ̀rọ̀ yín wọ òun lọ́kàn, wọ́n á sì sìn wọ́n síta kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ owó. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, kò sẹ́ni tó padà wá sọ pé a ṣe é, tàbí a ò ṣe é, ìdí rèé. Nǹkan bí ọ̀kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ wọ̀nyí ni wọ́n sì gbé lọ sí ibi tó ju 20 máìlì lọ sí ilé. Ta ló ń bá wọn wá sípàdé? Ọmọ tí ìyà ń jẹ jù ló jìnnà jù.

Scotland gbìyànjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1971 ni àwọn aráàlú mẹ́ta tí kì í ṣe adájọ́ ti ń jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú ọmọ láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ tún gbogbo ètò ìtọ́jú ṣe, láàárín 2017 sí 2020, wọ́n gbọ́ ẹnu àwọn èèyàn tó lé ní 5,500, ó lé ní ìdajì nínú wọn tó jẹ́ àwọn tí ìtọ́jú náà kọjá lórí wọn. Àbájáde rẹ̀, Ìlérí ni wọ́n pè é, wọ́n sì dá ọjọ́ fún un: 2030. Bóyá wọ́n á mú un ṣẹ, ojú ló máa rí i. Ó kéré tán, ọjọ́ wà tí ọmọ lè mú wọn lé lórí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa tó jẹ́ alágbàtọ́, a sì pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, á máa sọ pé ọmọdé kí ló mọ̀. Wọ́n á ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun ni òwe wí, ọmọ tí kò lè sọ pé ọrùn ń dun òun. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ fún un ní gbogbo ohun tó bá béèrè. Òfin pàápàá ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í kí ẹ tó ṣe é. Bí ẹ ò bá ní ṣe é, ẹ sọ ìdí fún un lójú ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ káńsílọ̀ nínú wa, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ọmọ sórí ìwé ìpàdé tó tẹ̀ lé e, kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́, kí ó tó di ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Peckham. Nígbà tí fóònù ò wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ nínú dígí, ó bi í pé, ìwọ ńkọ́? Ọmọ kọ́kọ́ wo obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ló tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: kó fi ti òkè sílẹ̀, kó gé ẹ̀gbẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó fa ìlà sí iwájú orí. Obìnrin náà ní òun ò mọ̀ pé ó ti ń rò ó tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni fóònù dún, ó gbé e, ó ní, "Ó ti sọ bó ṣe fẹ́ ẹ," lẹ́yìn ìyẹn la gbọ́ tó ń dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n gé e tán, onígbàjámọ̀ mú dígí kékeré, ó gbé e sí ẹ̀yìn orí ọmọ kó lè rí ibi tí ojú rẹ̀ ò lè dé. Ọmọ yí ọrùn síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ní ibẹ̀ ò dọ́gba. Onígbàjámọ̀ wò ó, ó ní òótọ́ ni, ó sì tún tan mọ́ṣíìnì rẹ̀.