Ta ló ní torí kí owó wa má jáde ni báńkì ṣe fi límíìtì sí i?

Ẹ lọ sí Bódìjà lọ́jọ́ ọjà. Kí ẹnì kan tẹ ₦600,000 sórí fóònù láti fi san owó ẹ̀wà, kí fóònù ní límíìtì, ìyẹn iye tí èèyàn lè fi ránṣẹ́ lójúmọ́, ti pé, kíá lẹ ó gbọ́ ọ láti ìsọ̀ kejì: “Àwọn báńkì yìí náà ni! Owó wa ni wọ́n fi ń ṣòwò, wọn ò fẹ́ kó jáde.” Nínú Micra tó ń lọ sí Dùgbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Lóòótọ́, báńkì ń yá ẹlòmíì lówó tá a kó síbẹ̀, wọ́n sì ń jẹ èlé lórí ẹ̀. Iṣẹ́ wọn nìyẹn, wọn ò fi bò. Àmọ́ ẹni tí límíìtì dá dúró lórí fóònù lè wọ inú báńkì yẹn gan-an lọ, kí wọ́n bá a fi gbogbo owó náà ránṣẹ́. Ó sì lè buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kí wọ́n gbé límíìtì ẹ̀ sókè. Ṣé ẹni tó fẹ́ há owó mọ́ wa lọ́wọ́ ló máa tún fún wa ní kọ́kọ́rọ́?

Bí owó ṣe ń rìn ló fà á. Láti 2011 tí NIBSS, iléeṣẹ́ tó so àwọn báńkì pọ̀, ti gbé NIP tó ń gbé owó láti báńkì sí báńkì dé, owó tó kúrò ní báńkì kan ń dé òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mọ́ wa, ó sì dùn mọ́ gbájú-ẹ̀. Tó bá ti wọ àkáǹtì ẹlòmíì, báńkì yín ò lè dá fa owó yẹn padà. Wọ́n á kọ̀wé sí báńkì kejì, wọ́n á máa bẹ ẹni tó gbà á, nígbà míì ó di ilé ẹjọ́. Kí wọ́n tó parí ìyẹn, owó ti gba ọwọ́ oní-POS jáde. Kó tó kúrò ńlẹ̀ nìkan ni wọ́n lè dí i lọ́nà.

Olè tó já fóònù gbà ní Ìwó Road, síìmù ló máa kọ́kọ́ yọ. Á kì í bọ fóònù míì, á tẹ kóòdù báńkì, á máa fi ọjọ́ ìbí yín dán PIN wò. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà lónìí.) Tó bá ṣe kòńgẹ́ ẹ̀, kí ló kù tó máa dá a dúró? Ìlànà tí CBN, báńkì àpapọ̀, gbé jáde lọ́dún 2018 ní USSD, ìyẹn kóòdù tá à ń tẹ̀ yẹn, ò gbọdọ̀ gbé ju ₦100,000 lọ lójúmọ́ fún oníbàárà kan, àfi ẹni tó bá fọwọ́ síwèé pé òun fara mọ́ ewu tó wà níbẹ̀. Tó bá ti ju ₦20,000 lọ, ẹ̀rí kejì yàtọ̀ sí PIN gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó ní mílíọ̀nù méjì ní àkáǹtì ṣì máa ráyè pe báńkì kí wọ́n tì í pa.

Ti àpò owó orí fóònù (wallet) tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ipele kìíní, ₦50,000 ni lójúmọ́. Ẹ parí NIN, BVN àti ẹ̀rí ilé tí ẹ ń gbé, á gòkè.

Ibi tí mo ti gbà fáwọn tó ń bínú ni ti àlàyé. Kí wọ́n kàn kọ “Transaction failed” láìsọ ìdí ẹ̀, ìwọ̀sí ni. Àwọn míì tiẹ̀ ń dín límíìtì kù téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé áàpù sórí fóònù tuntun, wọn ò sì ní wí títí èèyàn á fi dúró níwájú ọlọ́jà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rajà púpọ̀, ẹ má dúró dọjọ́ ọjà kẹ́ ẹ tó lọ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà. Kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ti áàpù nìkan lẹ fẹ́ kí wọ́n gbé sókè, kí wọ́n fi ti USSD sílẹ̀ níbi tó wà.