Àtúnṣe: àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ kì í ṣe afọ́jú
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí John Harrison, aláago ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣe aago ojú òkun, ṣe làwọn atukọ̀ kàn ń táràrà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Bí wọ́n bá ti wọn bí oòrùn ọ̀sán tàbí ìràwọ̀ àríwá ṣe ga tó, wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé. Mímọ ibi tí wọ́n dé láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ló le, torí àfi kí wọ́n fi àkókò ibi tí wọ́n wà wé àkókò ilé: aago tó bá fi ìṣẹ́jú 4 péré ṣìnà, dígírì kan gbáko ló fi ṣi ọkọ̀ lọ́nà. Ìgò oníyanrìn, tí yanrìn inú rẹ̀ ń rọra dà, ni wọ́n fi ń ka àkókò nínú ọkọ̀. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, ọmọ ọkọ̀ á yí i dà, á lu agogo. Bí oorun bá gbé e lọ (ó sì máa ń gbé wọn!), àkókò dàrú nìyẹn. Ìyẹn ni aago Harrison, tí wọ́n gbé lọ dánwò sí Jàmáíkà ní 1761, wá yanjú.