Ẹ fi sípánà gígùn yẹn sílẹ̀, òun ló ń ba bọ́dì báìkì yín jẹ́

Sátidé tó kọjá, àwa mẹ́fà dúró mu omi ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá a ṣe ń bọ̀ láti Ìlọrin. Àbúrò kan tó ń gun Electra Glide tòkunbọ̀, báìkì ńlá Harley-Davidson, sọ̀ kalẹ̀, ó yí báìkì rẹ̀ po, ó sì dúró gbagidi. Sáìdì kọfà apá òsì, ike tó bo ẹ̀gbẹ́ báìkì, ti bọ́ sọ́nà. Fíúsì àti wáyà wà níta gbangba bí ìfun adìyẹ lórí àtẹ. Kó tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n kan nínú wa ti gba ọ̀rọ̀ náà: "Ṣé mi ò sọ fún ẹ? O ò dè é pinpin ni. Gbogbo ohun tó bá wà lára báìkì, dè é títí sípánà á fi ké." Àwọn tó kù ń mi orí bí alángbá.

Inú bí mi débi pé mi ò lè parí omi ọwọ́ mi. Kọfà tí à ń sọ yìí ò ní bóòtù kankan! Kí ló fẹ́ dè pinpin?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹni tí kò tíì tú u rí. Ẹ̀yìn kọfà yẹn ní èèkàn ike kéékèèké. Lára báìkì, rọ́bà roboto tó ní ihò láàárín wà níbi tí èèkàn kọ̀ọ̀kan máa wọ̀. Àwọn tó ń ta pátì ń pè é ní grommet. Èèkàn wọnú rọ́bà, rọ́bà fún un mọ́ra, ó parí. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó jáde. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tó ni báìkì lè dé ìdí fíúsì lójú ọ̀nà láìwá sípánà kiri. Bó bá wá já bọ́, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni: bóyá rọ́bà ti gbẹ, tàbí èèkàn kan ò wọlé dáadáa.

Mo fi ìka yọ ọ̀kan nínú rọ́bà náà níbẹ̀ níbẹ̀, mo gbé e lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ó le bí èkùrọ́. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò rọ̀. Mo ṣẹ́ ẹ po, ó kán. Rọ́bà tó yẹ kó rọ̀ bí etí ọmọdé! Ooru ẹ́ńjìnnì ló ti ń jẹ ẹ́ láti ọdún yìí wá, kò sì sẹ́ni tó wò ó.

Bí rọ́bà bá ṣì dára, ó ku àwọn ọmọ tó ń fọ báìkì. Wọ́n á fa kọfà, wọ́n á nu inú, wọ́n á gbá a padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ọ̀gá, ó ti wọlé." Irọ́ ni. Àwọn èèkàn yòókù wọlé, ọ̀kan jókòó sórí rọ́bà, kò sí nínú rẹ̀. Lójú, ó jọ pé ó ti dé ibi tó ń lọ. Tẹ́ ẹ bá dé kòtò kẹta, ẹ máa dágbére fún un. Èmi máa ń fi omi ọṣẹ díẹ̀ kan ojú ihò, màá wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí èèkàn kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí màá fi gbọ́ "pọ́." Pọ́ ni mò ń kà, mi ò ka agbára. Ẹ má sì fi gíríìsì mẹkáníìkì sí i, ó máa ń mú irú rọ́bà kan wú, á sì bà á jẹ́. Gíríìsì sílíkónì ni kẹ́ ẹ lò.

Ó dáa, ká fi Electra Glide sílẹ̀, ká lọ síbi tí bóòtù wà lóòótọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mẹkáníìkì kan dè bọ́dì, ìyẹn ike tó bo ara báìkì, lápá ọ̀tún Gold Wing mi, báìkì ńlá Honda, bó ṣe mọ̀ ọ́n dè, pinpin. Apá òsì, èmi ni mo dè é: mo fi ọwọ́ yí bóòtù dé ìdí, mo fi sípánà kékeré fi díẹ̀ kún un, mo fi í sílẹ̀. Mo wá yá ọ̀dà èékánná ìyàwó mi, pupa fòò, mo fa ìlà tín-ín-rín láti orí bóòtù kọ̀ọ̀kan bọ́ sára ike. Bí bóòtù bá yí, ìlà á já. Mo gùn ún lọ Ìlọrin, mo gùn ún lọ Àkúrẹ́, mo gùn ún lọ Èkó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo jókòó tì í, ìlà kankan ò já, lápá méjèèjì. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ń mì jẹ̀jẹ̀, mo sì lè fi ìka lásán yí bóòtù méjì níbẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Bóòtù ò yí, síbẹ̀ ó ti dẹ̀. Mo tú u, mo rí i: orí bóòtù ti rì wọnú ike, ó fi ojú òrùka sílẹ̀ bí ìgbà téèyàn fi ìdí ife tẹ ẹ̀bà. ABS, ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ bọ́dì báìkì, kì í ṣe irin. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìdáwọ́ dúró, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa sá kúrò lábẹ́ ẹrù, pàápàá nínú ooru. Bó bá ti sá, gbogbo agbára tẹ́ ẹ fi dè é ti lọ. Ẹ ó tún dè é, yóò tún sá, títí yóò fi là.

Torí ẹ̀ làwọn tó ṣe báìkì ṣe fi òrùka irin kékeré, tó rí bí ìlẹ̀kẹ̀ gígùn, síbi tí bóòtù ń gbà kọjá, tí wọ́n tún fi rọ́bà yí i ká. Bóòtù á tẹ irin, á dúró síbẹ̀. Ike á wà láàárín rọ́bà, á ráyè mí. Ẹ lọ wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì yín, ẹ ó rí òrùka náà nínú eruku. "Ó ṣẹ́ kù ni, ọ̀gá." Kò ṣẹ́ kù!

Ó sì gbọ́dọ̀ ráyè mí. Bí ooru kan náà bá mú ABS àti irin, ABS máa ń gùn sí i tó ìlọ́po mẹ́fà irin, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹ mú bọ́dì tó gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kó kúrò nínú òtútù òwúrọ̀ ọyẹ́ bọ́ sóòrùn ọ̀sán, kí ara rẹ̀ fi digirii 30 gbóná sí i. Yóò fi mílímítà kan ó lé díẹ̀ gùn sí i. Férémù irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́rin mílímítà. Níbo lẹ fẹ́ kí ìyókù gbà, nígbà tẹ́ ẹ ti kàn án mọ́lẹ̀ lójú ihò mẹ́rin? Gbogbo bọ́dì tí mo ti rí tó là láìṣubú, ojú ihò bóòtù ni lílà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Bóòtù 6 mm lásán, irin sí irin, nǹkan bíi 10 Newton-mita, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bóòtù, ni ìwé Honda ní ká fi dè é. Ìyẹn ò ju kéèyàn gbé ẹrù kìlógíráàmù márùn-ún kọ́ sí ìdí sípánà tó gùn ní 20 sẹ̀ǹtímítà. Bóòtù tó tẹ ike tààrà tún kéré sí èyí. Ẹ̀gbọ́n wa máa ń fi ẹsẹ̀ ti sípánà.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú fi gúmù bóòtù aláwọ̀ búlúù, èyí tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú, sí i. Ẹ jọ̀ọ́! Irin ni wọ́n ṣe gúmù yẹn fún. Bó bá kan ABS, tàbí ike wínsíkírínì, ó lè mú kó là láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀rẹ́ mi kan fi í sí bóòtù wínsíkírínì lálẹ́, nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti là bí òwú aláǹtakùn yí ihò méjèèjì ká.

Ẹ wo báìkì eré ìje. Ìdè tí wọ́n kàn ń yí ní ìdá kan nínú mẹ́rin àyíká ló mú bọ́dì ọ̀pọ̀ nínú wọn, irú èyí tí wọ́n ń lò lára ọkọ̀ òfuurufú. Ó kọ́ ẹnu, ó tán, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ dè é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eré táwọn yẹn sì ń sá, ẹ̀gbọ́n wa ò tíì sá irú ẹ̀ rí láti Ìlọrin.

Ẹ ó ní báìkì ń gbọ̀n, ọ̀nà wa ò dáa. Mo gbọ́. Tìtorí gbígbọ̀n náà ni wọ́n ṣe fi rọ́bà síbẹ̀. Bóòtù bíréèkì, bóòtù ẹ́ńjìnnì, ẹ dè é bí ìwé ṣe wí, ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ tèmi. Bí kò tiẹ̀ wù mí láti sọ, mo gbà pé bọ́dì tí ẹlòmíì ti ba ihò rẹ̀ jẹ́, okùn ike tí rewáyà fi ń di wáyà lè bá yín gbé e délé.

Àbúrò wa fi láílọ́ọ̀nù bo fíúsì rẹ̀ dé Ìbàdàn. Kọfà tuntun ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, mo sì ní kó ra rọ́bà rẹ̀ mọ́ ọn, owó rẹ̀ ò tó epo tá a fi lọ Ìlọrin. Àná ni ẹ̀gbọ́n pè é, ó ń bi í pé sípánà nọ́ńbà mélòó ni wọ́n máa nílò.