Owó Tó Ṣẹ́kù Sórí Káàdì Ọkọ̀, Àlejò Ló Ni Ín

Láti ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2014 ni àwọn bọ́ọ̀sì London kò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́. Káàdì ni wọ́n ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá káàkiri ayé báyìí, a ò sì bá a jà. Káàdì ń jẹ́ kí èrò tètè wọlé, awakọ̀ kò ní máa wá ṣéńjì kiri, owó ọkọ̀ tí wọ́n ń yọ lórí káàdì sì sábà máa ń kéré sí ti tíkẹ́ẹ̀tì onípépà. Ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni owó tó máa ń ṣẹ́kù sórí káàdì náà lọ́jọ́ tí àlejò bá ń padà sílé. Owó yẹn kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Èrò tó kó o síbẹ̀ ló ni ín, ó sì yẹ kó rí i gbà kó tó kúrò nílùú, láìkọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, láìṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣí àkáǹtì ní báńkì ibẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni owó tí àlejò ń san nídìí káàdì pín sí. Owó káàdì fúnra rẹ̀ wà, owó tó kó sórí rẹ̀ láti fi wọkọ̀ náà wà. Níbòmíràn, owó ìdógò ni owó káàdì: ẹni tó bá dá káàdì padà yóò gba owó rẹ̀. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, ó ti rà á nìyẹn, kò ní padà. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, tí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn èèyàn tò sẹ́yìn rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, kò lè mọ èwo nínú méjèèjì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ òun. Ilé iṣẹ́ tó ta káàdì ló yẹ kó sọ fún un.

Ẹ wo Oyster, káàdì ọkọ̀ ti London, tó jáde ní ọdún 2003. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pọ́ùn 5 ni owó ìdógò rẹ̀, èèyàn sì lè gbà á padà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ó ti di pọ́ùn 7, ó sì ti di owó tí kì í padà mọ́. Àmọ́ ohun kan wà tí wọ́n ṣe tó dára púpọ̀ níbẹ̀. Bí owó tó kù sórí káàdì kò bá ju pọ́ùn 10 lọ, ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó reluwé abẹ́ ilẹ̀ lè dá a padà lójú ẹsẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ tí a máa bẹ̀, kò sí fọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ tó gba owó náà ló ń dá a padà, bó sì ṣe yẹ kó rí níbi gbogbo nìyẹn.

Ti Japan ló gba àlàyé jù. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2001 ni ilé iṣẹ́ reluwé JR East gbé káàdì Suica jáde. Owó ìdógò rẹ̀ jẹ́ yẹ́ẹ̀nì 500. Bí èèyàn bá fẹ́ dá a padà, wọn á yọ yẹ́ẹ̀nì 220 nínú owó tó kù sórí rẹ̀. Ká ní yẹ́ẹ̀nì 1,000 ló kù: wọn á yọ 220, á ku 780, wọn á fi ìdógò 500 kún un, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 1,280. Bó bá jẹ́ yẹ́ẹ̀nì 150 péré ló kù, gbogbo 150 yẹn ni wọ́n máa gbé lọ, ìdógò nìkan ló máa padà. Bí kò bá sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́, ìdógò 500 á pé láìdín kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò fi máa ń ná owó orí káàdì náà tán pátápátá ní ṣọ́ọ̀bù tàbí nídìí ẹ̀rọ tí ń ta omi kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó di dandan fún àlejò láti ra ohun tí kò fẹ́ kí owó rẹ̀ má bàa ṣòfò.

Ìṣòro tó tún wà níbẹ̀ ni ti ibi tí wọ́n ti ń dá owó padà. Láti oṣù Kẹta ọdún 2013, káàdì ọkọ̀ mẹ́wàá tó gbajúmọ̀ jù ní Japan ti ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè ara wọn, nítorí náà ẹni tó ra Suica ní Tokyo lè fi wọ reluwé ní Osaka. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì JR East nìkan ló ń dá owó Suica padà. Àlejò tó wọ Japan láti Tokyo, tó sì gba Osaka jáde, yóò rí ẹ̀rọ tí yóò gba owó lórí káàdì rẹ̀ níbikíbi tó bá yíjú sí, kò sì ní rí ọ́fíìsì kan tí yóò dá yẹ́ẹ̀nì kan padà fún un. Bí àwọn ilé iṣẹ́ náà bá lè jọ ṣe ìṣirò owó ọkọ̀ láàárín ara wọn, kí ló dé tí wọn ò lè jọ ṣe ìṣirò owó tó ń padà?

Káàdì kan wà tí wọ́n ṣe nítorí àlejò gan-an, Welcome Suica. Kò ní ìdógò, ọjọ́ 28 ló sì ń lò. Owó tó bá kù sórí rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ti lọ nìyẹn. A gbà pé àìsí ìdógò jẹ́ oore, ṣùgbọ́n kí ẹni tó fi yẹ́ẹ̀nì 3,000 sórí rẹ̀ lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó máa lọ pàdánù gbogbo rẹ̀, kò bójú mu.

Ní Hong Kong, níbi tí káàdì ọkọ̀ Octopus ti wà láti ọdún 1997, dọ́là 50 ti Hong Kong ni ìdógò. Ẹni tó bá dá káàdì tí kò ní orúkọ lára padà kó tó pé 90 ọjọ́, wọn á yọ dọ́là 11 lọ́wọ́ rẹ̀. Àlejò mélòó ló ń lo 90 ọjọ́? Onílé kò ní san owó yìí. Àlejò nìkan ló ń bá.

Àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ní àwíjàre tiwọn, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Ike àti ẹ̀rọ tíńtín tó wà nínú káàdì ń náni lówó. Bí wọ́n bá ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn èèyàn á máa sọ ọ́ nù. Òótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sydney kì í gba owó lórí káàdì Opal rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ike ni ìyẹn. Kò kan owó tí èrò kó sórí ike náà. Wọ́n tún ní ó máa gba òṣìṣẹ́ púpọ̀ láti máa dá owó padà. Ní Seoul, ẹni tí owó tó kù sórí káàdì ọkọ̀ T-money rẹ̀ kò tó wọ́ọ̀nù 20,000 lè gbà á ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà káàkiri àdúgbò. Wọ́ọ̀nù 500 ni wọ́n ń yọ. Ẹni tó ń ta bisikíìtì ló ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn kan ní kò ṣeé ṣe.

Àwọn mìíràn á ní kí gbogbo èèyàn kúkú máa fi káàdì báńkì kan ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ owó tó ṣẹ́kù á parí. Bọ́ọ̀sì London bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, reluwé abẹ́ ilẹ̀ tẹ̀lé e ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, gbogbo Netherlands sì ti ń lò ó láti ọdún 2023. Ọ̀nà tó dára ni, a sì fẹ́ kó gbòòrò sí i, nítorí lẹ́yìn ìrìn àjò ni wọ́n ń yọ owó. Síbẹ̀, kò lè gba ipò káàdì onike pátápátá. Káàdì kan, èrò kan ni: ìyá tó mú ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́ kò lè fi káàdì báńkì kan ṣoṣo kan ẹ̀rọ fún gbogbo wọn, ẹ̀dínwó ọmọdé kì í sì í sí lórí káàdì báńkì. Báńkì mìíràn ń yọ owó tirẹ̀ lórí gbogbo ìnáwó tó bá ti òkè òkun wá. Bákan náà, káàdì tó wà lápò àti káàdì yẹn kan náà tí a kó sínú fóònù, méjì ni ẹ̀rọ kà wọ́n sí. Ẹni tó bá ń lo tibí láàárọ̀, tó lo tọ̀hún lálẹ́, kò ní rí àǹfààní gbèdéke owó ọkọ̀ ojúmọ́, ìyẹn iye tí wọn kì í yọ kọjá lọ́jọ́ kan, gbà bó ṣe yẹ.

Ẹnu ọ̀nà ni owó tún ti ń sọnù jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé gbogbo pọ́ọ̀sì lé ẹ̀rọ. Bí káàdì méjì bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ á mú èyí tó bá kọ́kọ́ rí. Ó lè mú Oyster nígbà ìwọlé, kó mú ti báńkì nígbà ìjáde. Lójú ẹ̀rọ, èèyàn méjì nìyẹn: ọ̀kan wọlé tí kò jáde, ọ̀kan jáde tí kò wọlé. Wọn á sì yọ owó ọkọ̀ tó ga jù lórí káàdì méjèèjì. Ẹ yọ káàdì kan ṣoṣo jáde, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lé ojú ẹ̀rọ, ẹ má mú un kúrò títí ẹ ó fi gbọ́ ìró tí iná aláwọ̀ ewé á sì tàn. Ní London, ìwọlé nìkan lẹ máa ń fi kàn án nínú bọ́ọ̀sì. Ní reluwé, ẹ gbọ́dọ̀ fi kàn án nígbà ìjáde náà, kódà níbi tí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí gbayawu.

Títí àwọn aláṣẹ yóò fi ṣe ohun tó tọ́, owó ìrìn àjò ọjọ́ kan tàbí méjì ni kí ẹ máa kó sórí káàdì lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀rọ bá bi yín bóyá kí òun ṣírò owó ní owó ilẹ̀ yín, ẹ kọ̀. Owó ìlú tí ẹ wà ni kí ẹ yàn, torí iye tí ẹ̀rọ fi ń ṣẹ́ owó kì í sábà ṣeni láǹfààní. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára káàdì, nítorí bí káàdì bá dédé kú, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa fi wá owó yín. Ṣọ́ra fún káàdì ọlọ́sẹ̀ náà: ní Paris, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú ni ọ̀sẹ̀ Navigo, káàdì ọkọ̀ ibẹ̀, wọn kì í sì í ta ti ọ̀sẹ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ mọ́ bí Ọjọ́bọ̀ bá ti kọjá. Ẹ sì lọ gba owó yín ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ ìpadàbọ̀; ẹ má fi í di pápákọ̀ òfurufú láàárọ̀ kùtù, ọ́fíìsì lè má tíì ṣí.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò pọ̀. Kí ẹ̀rọ tó ń ta káàdì kọ ọ́ gàdàgbà kí èèyàn tó sanwó: èyí ni owó tí yóò padà, èyí ni èyí tí kò ní padà. Kí ẹ̀rọ tó ń dá owó padà wà ní gbogbo ibùdó reluwé tó wọ pápákọ̀ òfurufú, kó sì máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo wákàtí tí ọkọ̀ bá ń gbéra níbẹ̀. Kí iye owó tí ẹ̀rọ náà lè dá padà má sì kéré sí iye tí ó ń gbà lọ́wọ́ èrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.