Àtúnṣe: Aṣọ ìdènà nìkan kò lè dá erùpẹ̀ dúró

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ pé ẹni tó bá ti ta aṣọ ìdènà (aṣọ tí wọ́n ń na mọ́ òpó bí ọgbà kó lè dá erùpẹ̀ tí àgbàrá ń gbé dúró) sí apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí lè ṣán gbogbo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pé erùpẹ̀ kankan ò ní jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ̀kán òjò tó ń já lu ilẹ̀ tí kò ní ìbora ló ń tú erùpẹ̀ ká. Àgbàrá á wá gbé e lọ. Ohun tí aṣọ yẹn ń ṣe ni pé ó ń dá omi dúró díẹ̀ kí iyanrìn lè rì sísàlẹ̀. Àmọ́ amọ̀, tí hóró rẹ̀ kò tó 0.002 mìlímítà, kì í tètè rì. Á bá omi kọjá, á sì da odò rú. Bí wọn ò bá ri ẹsẹ̀ aṣọ náà mọ́lẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni omi á gbà. Ẹ má sì ta á dábùú ojú àgbàrá, omi á wó o.

Bíbo ilẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ibi tí iṣẹ́ kàn nìkan ni kí ẹ ṣán. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ibi tó ṣí sílẹ̀, kí ẹ sì tètè gbin koríko tútù síbẹ̀. Igi etí odò ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.